Àálè Tíṣà Májẹ́kódùnmí

Bí ẹ bá dé ọ̀nà Oǹdó ní Àkúrẹ́ lónìí, tí ẹ bá bi àwọn tó ń ta táyà tòkúnbọ̀ léèrè pé ta ni oníbàárà tó le jù tí wọ́n rí rí, wọn ò ní ronú kí wọ́n tó dá yín lóhùn. Wọ́n á ní Tíṣà Májẹ́kódùnmí ni, ará Oǹdó, tó fi àálè lé táyà nínú ṣọ́ọ̀bù oníṣọ́ọ̀bù. Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ọ délẹ̀, wọ́n á ní kí ẹ lọ bá Ṣìkẹ́mi, tí gbogbo ayé ń pè ní Ìyá Ìbùkún, nítorí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Ó máa ń rẹ́rìn-ín bó bá ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má tètè kúrò níwájú rẹ̀, ẹ̀rín yẹn kì í pẹ́ lójú rẹ̀ kó tó yí padà.

Ọjọ́ Ajé kan ni. Tíṣà wa Pijó 504 rẹ̀ dé láti Oǹdó, ọkọ̀ tí ọjọ́ orí rẹ̀ àti ti Ìyá Ìbùkún fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Táyà kan ṣoṣo ló ń wá, èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ ń jẹ́ ríìmù mẹ́rìnlá. Ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ló ti yan ọ̀kan láàyò. Ìyá Ìbùkún ní ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún. Tíṣà ní ẹgbẹ̀rún méje.

"Bàbá, owó ò gbà á. Ẹ wo ojú rẹ̀, kò tíì jẹ rárá."

"Mo ti wò ó. Òun náà ti wò mí. Ẹgbẹ̀rún méje."

Nígbà tó fi máa di aago méjìlá, Ìyá Ìbùkún ti sọ̀kalẹ̀ dé mẹ́rìnlá, Tíṣà sì ti gòkè dé méje ààbọ̀. Ó jókòó lé táyà náà lórí, ó ṣí abọ́ oúnjẹ tó gbé wá láti ilé, ó jẹun, ó mu omi, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó wá tún bẹ̀rẹ̀ sí í ná an láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé àwọn méjèèjì ò tíì pàdé rí. Ní aago méjì, ó dìde, ó gbọn sòkòtò rẹ̀.

"Ìyá Ìbùkún, mo ń padà sí Oǹdó lọ ronú."

"Ó dàbọ̀ o, Bàbá. Bí ẹ bá padà dé tí ẹ ò bá a mọ́, ẹ má bínú."

"Màá bá a."

Ló bá ṣí búùtù ọkọ̀. Ó mú ṣúkú àgbàdo kan jáde, àti òòyà tí eyín rẹ̀ ti ká, àti àjákù bàtà kan. Ó fi okùn pupa so wọ́n pọ̀, ó sì fi wọ́n kọ́ ara táyà náà.

Ìyá Ìbùkún la ẹnu, kò rí i pa dé. Ta ni ò mọ àálè? Oko là ń fi í sí, tàbí ìdí igi eléso, tàbí igi ìdáná tí ènìyàn ṣẹ́ jọ sétí ọ̀nà, kí ẹni tó ń kọjá lọ lè mọ̀ pé nǹkan náà ní olóhun, kó má fọwọ́ kàn án. Ohun tí ènìyàn bá ní ló ń fi àálè lé. Ibo la ti gbọ́ ọ rí pé oníbàárà fi àálè lé ọjà tí kò tíì sanwó rẹ̀?

"Bàbá, ọjà mi lẹ fi àálè lé yìí o."

"Ọjà rẹ ni. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ti wà níbẹ̀. Owó nìkan ló kù."

"Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ bàbá ìjọ ní Áńgílíkà?"

"Àálè kì í ṣe oògùn, ọmọ mi. Ìwé ni. Òun làwọn baba wa tí kò ní gègé fi ń kọ̀wé. Ohun tí mo kọ síbẹ̀ yẹn ò ju pé Májẹ́kódùnmí ń bọ̀."

Ó wọnú Pijó, ó lọ. Fún ọjọ́ mọ́kànlá gbáko, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan táyà yẹn. Oníbàárà á wọlé, á rí i, á fẹ́ràn rẹ̀, bójú rẹ̀ bá wá kan ṣúkú àgbàdo, á ní òun gbàgbé nǹkan sínú ọkọ̀. Pásítọ̀ kan tiẹ̀ wá, ó ní òun ò ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí, orúkọ Jésù ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ìyá Ìbùkún ní kó fọwọ́ ara rẹ̀ tú u, kó máa gbé táyà lọ ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá péré. Pásítọ̀ wo àálè, ó wo Ìyá Ìbùkún, ó ní iye owó lásán lòun kàn yà béèrè. Lọ́jọ́ kejìlá, Tíṣà dé, ó rà á ní ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án, ó ṣí àálè rẹ̀ kúrò, ó dá a padà sínú búùtù. Ó ní ó ṣì máa wúlò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí Tíṣà jẹ́ fún yín. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì ní Oǹdó kó tó fẹ̀yìn tì. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ò lè gbé táyà tuntun, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ohun tí yóò sọ ni pé táyà tuntun ò tíì rí ayé. "Tòkúnbọ̀ ti gbé òkè òkun. Ó ti rìn nínú yìnyín. Kí ni ọ̀nà Oǹdó fẹ́ fi hàn án tí kò rí rí?"

Ṣùgbọ́n bó bá dórí ká ra tòkúnbọ̀ náà, ojú rẹ̀ á ranko. Á fi àtàǹpàkò tẹ ojú táyà. Á ti igi ìṣáná bọ àárín ojú rẹ̀ kó lè mọ bó ṣe jìn tó. Á gbóòórùn inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, á yọ dígí kan tí wọ́n fi ń mú kí lẹ́tà tóbi, á wá nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, èyí tó ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é.

"Ọ̀sẹ̀ kọkàndínlógún, ọdún 2015. Ìyá Ìbùkún, táyà yìí ti wà ní pírámárì mẹ́ta. Ṣé ọmọ iléèwé lẹ fẹ́ kí n máa gùn lọ sí Oǹdó?"

"Bàbá, ọmọ tó ti gbọ́n kì í ṣubú lójú ọ̀nà."

"Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n a kì í san owó àgbà fún ọmọ pírámárì."

Kí ẹ tó rẹ́rìn-ín tán, ẹ gbọ́ èyí. Kí Tíṣà tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá, Ìyá Ìbùkún ò mọ̀ pé nọ́ńbà kankan wà lára táyà tó ní ìtumọ̀. Ọkọ rẹ̀ ló fi ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀ nígbà tó kú, ohun tí àwọn ará Èkó bá sì kó fún un ló ń kó bọ̀. Tíṣà ló mú un jókòó lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tó fi ẹfun kọ nọ́ńbà sára ògiri, tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kà á. Ó tún fún un ní ìdánwò. Ìgbà àkọ́kọ́, ó gba mẹ́ta nínú mẹ́wàá, Tíṣà ní kó tún un ṣe lọ́jọ́ mìíràn. Láti ìgbà náà, kò sí ará Èkó tó tún rí táyà gbígbó tà fún un. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó mọ ẹni tó ṣe é fún òun.

Ìwà rẹ̀ lójú ọ̀nà náà yàtọ̀. Kìtán, tó ń lẹ táyà lábẹ́ igi níwájú ṣọ́ọ̀bù, bá a wọkọ̀ lọ sí Oǹdó lẹ́ẹ̀kan. Ó ní bí àwọn ṣe dé Bọ́lọ́rundúró, Tíṣà pa ọkọ̀, ó ní kí gbogbo èrò sọ̀kalẹ̀. Kìtán ní ṣé kò sí nǹkan. Tíṣà ní kò sí, táyà ló fẹ́ sinmi. Ó ní bí òun bá rìn láti Àkúrẹ́ dé ibẹ̀, ṣé òun ò ní sinmi? Wọ́n dúró níbẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Ó ń lọ láti ọ̀dọ̀ táyà kan dé òmíràn, ó ń fọwọ́ kàn wọ́n bí ìyá tó ń wò ó bóyá ara ọmọ ń gbóná. Kìtán ní láti ọjọ́ náà, bí òun bá ń lọ sí Oǹdó, ọ̀kadà lòun ń gùn.

Bí wọ́n ṣe ń bá a bọ̀ nìyẹn. Bí Tíṣà bá rí táyà tó wù ú tí wọn ò gbọ́ra wọn yé lórí owó, á fi àálè lé e, á lọ. Ìyá Ìbùkún á ráhùn, ṣùgbọ́n á tọ́jú rẹ̀. Bí oníbàárà bá béèrè, á ní, "Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, ó ní olóhun." Ó ti mọ́ ọn lára débi pé bí àálè Tíṣà ò bá sí nínú ṣọ́ọ̀bù, á dà bíi pé nǹkan kan dín.

Ibi tó wá dùn ún ni mo ń bọ̀ yìí.

Ní oṣù Kọkànlá èṣí, Tíṣà fi àálè lé táyà kan, kò sì tètè padà. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá. Ọjà ò tà. Ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí ó di Kérésì ni awakọ̀ kan tó ń jẹ́ Fọlárìn sáré wọlé. Ó ń kó àwọn èrò lọ sí Ìpógun, táyà rẹ̀ ti bẹ́ lójú títì. Kò ná ọjà rárá. Iye tí Ìyá Ìbùkún pè ló kà sílẹ̀. Ríìmù mẹ́rìnlá tó dáa tó wà nílẹ̀ kò ju èyí tí Tíṣà fi àálè lé lọ. Ìyá Ìbùkún wo owó, ó wo àálè. Fọlárìn kò tíì wọ inú ṣọ́ọ̀bù débi tí ojú rẹ̀ fi máa tó o. Ìyá Ìbùkún fọwọ́ ara rẹ̀ tú okùn pupa náà, ó fi àálè kọ́ ìṣó ara ògiri, ó yí táyà jáde.

Ọjọ́ kẹta ni Tíṣà dé, owó pé lọ́wọ́ rẹ̀ nínú àpòòwé. Ó wo àyè tí táyà wà tẹ́lẹ̀. Ó wo ìṣó.

"Ìyá Ìbùkún, ẹni tó gbé e lọ, ṣé ó rí àálè náà?"

Ó lè parọ́. Irọ́ ti dé ẹnu rẹ̀ tán, ṣùgbọ́n ojú bàbá náà ò jẹ́ kó jáde.

"Kò rí i, Bàbá. Èmi ni mo tú u."

Tíṣà mi orí. Ó yọ àálè kúrò lórí ìṣó, ó fi í sápò. Ó béèrè bí Ìbùkún ṣe ṣe sí nínú ìdánwò rẹ̀. Ó ní kí wọ́n kí i. Ó wọkọ̀, ó lọ. Ká ní ó jà ni, Ìyá Ìbùkún ìbá rí nǹkan sọ fún un, ẹnu rẹ̀ kúkú mú. Ṣùgbọ́n bàbá náà ò bínú sí i lójú, ìyẹn ló sì gún un lọ́kàn.

Ó pinnu pé òun á lọ bẹ̀ ẹ́ ní Oǹdó. Oǹdó ò jìnnà. Ṣùgbọ́n ó ń fòní dónìí, ó ń fọ̀la dọ́la. Ó ní kí Kérésì kọjá ná. Kérésì kọjá, ó ní kí òun lọ kó ọjà dé ná. Ó kó ọjà dé, ó ní kí òun rí táyà tó dáa, kí òun gbé e dání lọ. Ojú ló ń tì í, kò fẹ́ sọ ọ́ síta. Títí di ọjọ́ Àjíǹde, kò lọ.

Ní oṣù kẹfà, ó jókòó ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ló bá gbọ́ ikọ́ Pijó yẹn lókèèrè. Kò sí ọkọ̀ mìíràn tó ń húkọ́ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Àkúrẹ́. Ó ké sí Kìtán, ó ní, "Bó bá béèrè mi, sọ pé mo lọ sí Èkó." Ló bá sá lọ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ó lóṣòó sẹ́yìn òkìtì táyà ríìmù mẹ́rìnlá, èyí tí wọ́n tò lérí ara wọn dé àyà ènìyàn. Obìnrin tó bímọ, tó ń ta táyà fún àwọn ọkùnrin, ló lóṣòó bẹ́ẹ̀.

Kìtán ò mọ irọ́ pa. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, sà. Ìyá Ìbùkún ní kí n sọ pé òun lọ sí Èkó."

"Ó dáa. Ìgbà wo ló ní òun máa dé?"

"Kò tíì sọ ìyẹn fún mi, sà."

Tíṣà rẹ́rìn-ín sínú. Kìtán padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, ẹ̀rọ tó fi ń fẹ́ atẹ́gùn sì ń pariwo. Ìyá Ìbùkún gbọ́ ẹsẹ̀ bàbá náà tó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, títí tó fi dúró sí iwájú òkìtì náà gan-an. Táyà mẹ́jọ péré ló wà láàárín àwọn méjèèjì.

Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọjà, òun nìkan.

"Ẹ kú ọjà o, Ìyá Ìbùkún. Èló ni ríìmù mẹ́rìnlá ìsàlẹ̀ yìí?"

Ó wá mú ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, ó dá ara rẹ̀ lóhùn bí obìnrin. "Ẹgbẹ̀rún méjìlélógún ni, Bàbá. Ẹ wo ojú rẹ̀, kò tíì jẹ rárá."

Ìyá Ìbùkún fi ọwọ́ bo ẹnu. Bó ṣe ń sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni. Ó ń retí kí Tíṣà pe ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ. Bàbá náà padà sí ohùn ara rẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ rọ̀.

"Kò burú, ọmọ mi. Mo gbà bẹ́ẹ̀."

Láti ọjọ́ tí Ìyá Ìbùkún ti mọ̀ ọ́n, kò gbọ́ ọ kó gba iye tí wọ́n kọ́kọ́ pè rí. Ó rò pé ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ó gbọ́ tó tẹ̀ba sórí òkìtì náà, tí egungun orúnkún rẹ̀ ń dún, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó gbọ́ tó dìde. Ó gbọ́ tó kí Kìtán pé ó dàbọ̀. Pijó húkọ́, ó lọ. Ìyá Ìbùkún jáde, ó nu òógùn ojú rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé Tíṣà ò rí òun. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ọpẹ́ yẹn ló ń dùn ún jù títí dòní.

Kò ju oṣù méjì lọ lẹ́yìn náà tí ẹnìkan mú ìwé ìkéde òkú dé sábẹ́ igi Kìtán. Àwòrán Tíṣà ló wà lára rẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Àìsàn ọ̀sẹ̀ kan péré ni.

Ìyá Ìbùkún lọ sí Oǹdó fún ìsìnkú náà, ó jókòó sẹ́yìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí èrò ti ń túká nílé, ó rí Pijó lábẹ́ igi máńgòrò. Táyà mẹ́ta ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, gbogbo wọn ló sì dá mọ̀, ọ̀dọ̀ òun ni wọ́n ti wá. Búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi gbé ẹsẹ̀ kẹrin dúró. Ibẹ̀ ni ọmọ Tíṣà obìnrin, tó ń jẹ́ Monílọ́lá, ti wá bá a.

"Ṣé ẹ̀yin ni Ìyá Ìbùkún alátáyà?"

"Èmi ni. Ẹ kú ọ̀fọ̀, Ọlọ́run á tu yín nínú."

"Àmín. Bàbá máa ń sọ̀rọ̀ yín."

Ìyá Ìbùkún sún mọ́ ọn. "Kí ni wọ́n máa ń sọ?"

"Nígbà tí táyà ẹlẹ́ẹ̀kẹrin yìí bàjẹ́, mo ní kí n bá wọn ra òmíràn níbí. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní táyà àwọn wà ní Àkúrẹ́ lọ́dọ̀ yín, àwọn ti fi àálè lé e. Mo ní bí ẹ bá ti tà á ńkọ́? Wọ́n ní ẹ ò lè tà á, pé kò sẹ́ni tó mọ ìwé yẹn kà bíi tiyín."

Ìyá Ìbùkún wo búlọ́ọ̀kù náà. Ó rò pé táyà tí òun tà fún Fọlárìn ni bàbá náà ń sọ, pé ọjọ́ ogbó ti mú kó gbàgbé. "Ìgbà wo ni wọ́n sọ bẹ́ẹ̀?"

"Lọ́jọ́ tí wọ́n ti Àkúrẹ́ dé. Oṣù kẹfà."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí Kìtán tó gbé irinṣẹ́ rẹ̀ síta, Ìyá Ìbùkún ti pè é. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òkìtì náà kalẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Ríìmù mẹ́rìnlá ò fi bẹ́ẹ̀ tà mọ́ lóde òní, kò sẹ́ni tó ti dé ìsàlẹ̀ rẹ̀ láti ìgbà yẹn. Nínú ihò èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n ti bá a, níbi tó já bọ́ sí láti òkè. Ṣúkú àgbàdo, àjákù bàtà, òòyà eléyín kíká, okùn pupa. Òun gan-an ni, èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ tú.

Ìyá Ìbùkún jókòó lé táyà náà lórí, ó sunkún. Ó ní, "Kìtán, ó mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Kí ló dé tí n ò dìde?" Kìtán yí táyà mìíràn sún mọ́ ọn. Ó bá a jókòó.

Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n gbé táyà náà lọ sí Oǹdó. Kìtán yọ búlọ́ọ̀kù, ó de táyà mọ́ Pijó, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i. Monílọ́lá mú pọ́ọ̀sì rẹ̀ jáde.

"Èló la máa san?"

"Bàbá ti ná an."

Monílọ́lá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ látìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú. "Ẹ ti gbé nìyẹn. Èló ni wọ́n ná an? Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta?"

"Iye tí mo pè náà ni wọ́n gbà."

Ẹ̀rín Monílọ́lá dúró. Ó wo Ìyá Ìbùkún lójú. "Bàbá mi?"

"Bàbá yín."

Ìyá Ìbùkún ò gbowó. Ohun kan ṣoṣo tó tọrọ ni àálè náà, wọ́n sì fún un. Ó wà lórí ìṣó ara ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ títí dòní, lókè ibi tí nọ́ńbà tí Tíṣà fẹfun kọ ò tíì pa rẹ́ tán. Bí arúgbó kan bá wọlé, tó bá ń ná táyà ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún, tí àwọn tó wà níbẹ̀ bá ń fi í rẹ́rìn-ín, Ìyá Ìbùkún á wo ìṣó yẹn. Á yí táyà kan wá, á ní kí bàbá jókòó, á bi í bóyá ó ti jẹun.